Ewé Akòko àti Igbó Ọ̀ṣun: Ẹ̀kọ́ Ìṣàkóso Láti Ara Ìṣẹ̀dá

Ìfáárà
Bí Yorùbá bá ń ki aṣáájú, ẹranko ńlá tàbí igi ńlá ni wọ́n sábà máa ń fi í wé. Wọ́n á pè é ní ẹkùn, wọ́n á pè é ní àjànàkú, wọ́n á pè é ní ìrókò. Agbára àti ìbẹ̀rù ni àwọn àfiwé wọ̀nyí ń gbé yọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìwúyè, ewé ni a ń já lé olóyè lórí. Nínú iṣẹ́ yìí, a ṣe àgbéyẹ̀wò ohun tí ewé náà ń kọ́ni, a sì fi igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Èrò wa ni pé ìkóra-ẹni-níjàánu nítorí ire gbogbo ìlú ni ìpìlẹ̀ ìṣàkóso rere.

Akòko gẹ́gẹ́ bí àrokò
Ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, bí a bá ní wọ́n ti já ewé akòko lé ẹnì kan lórí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé onítọ̀hún ti di olóyè. Akòko kì í ṣe igi àjèjì. A máa ń bá a ní ojúbọ àti ní ààlà oko. Bí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀ tí a sì rì í mọ́lẹ̀, yóò ta gbòǹgbò, yóò sì rúwé. Nítorí náà ni a ṣe ń fi í sọgbà. Ewé àti èèpo rẹ̀ sì wúlò fún egbòogi.

Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Èkínní, igi ààlà ni: ó yẹ kí aṣáájú mọ ibi tí agbára òun pin sí. Èkejì, tẹrú tọmọ ni ó ń já a lò: oyè kì í ṣe ohun-ìní ẹnì kan. Ẹ̀kẹta, orí olóyè ni ewé wà: ohun tí ewé náà dúró fún ga ju olóyè fúnra rẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ igbó Ọ̀ṣun
Ìtàn Òṣogbo sọ pé Láròóyè àti Tìmẹ́hìn, tí wọ́n tẹ ìlú náà dó, bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú. Nínú igbó yìí, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, a kì í dọdẹ, a kì í pẹja, a kì í gégi. Ní àwọn ọdún 1950 sí 1959, àwọn kan ń tẹ òfin yìí lójú, àwọn mìíràn sì ń lépa ilẹ̀ igbó náà. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dìde pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà, Àtáọ́ja àti àwọn ará ìlú sì tì wọ́n lẹ́yìn. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO ka igbó náà mọ́ àwọn ogún àgbáyé. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Síbẹ̀, ọgbà kì í dá odò dúró. Ilẹ̀ Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ wíwa wúrà ní agbègbè Iléṣà sì da omi rẹ̀ rú. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi náà. Ẹni tí ó pa òfin mọ́ ní ìsàlẹ̀ odò ni ó wá ń jìyà ohun tí a ṣe ní òkè odò. Aṣáájú tí ó ń ṣọ́ kìkì agbègbè tirẹ̀ kò tíì ṣọ́ ire gbogbo ènìyàn.

Àbá fún olùkọ́
A máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ oyè àti ètò ìwúyè, a sì máa ń dúró síbẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ mú wọn lọ sí ìdí akòko, kí wọ́n wò ó dáadáa, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà léèrè ohun tí a ń fi í ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ó bi wọ́n pé: bí ẹ bá jẹ́ baálẹ̀ ní òkè odò, tí wúrà sì ń bọ́ àwọn ènìyàn yín, kí ni ẹ ó ṣe? Ìbéèrè náà kò rọrùn, nítorí ebi ń pa awawúrà pẹ̀lú. Àwọn àgbà sì ní, bí a bá ń gégi nínú igbó, kí á fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò.

Ìkádìí
A ti fi hàn pé àṣà ìwúyè wa ní ẹ̀kọ́ ìwà nínú. Bí olùkọ́ bá ń tú u palẹ̀ fún àwọn ọmọ, wọn yóò mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a bá já ewé lé lórí.