Lọ́yà Tí Kì í Dúró Níwájú Adájọ́

Bí ẹ bá gbọ́ ọ ní Ọ̀fà pé ọmọ lágbájá ti di lọ́yà, wíìgì àti aṣọ dúdú ló máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn, àti ẹnìkan tó ń fọhùn níwájú adájọ́. Kò yani lẹ́nu nínú ìlú tí a mọ ìjàkadì mọ́. Láti ìgbà tí Christopher Sapara Williams ti di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbàwé agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1879, kóòtù ni a fi ń mọ iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n lọ́yà mìíràn wà tí ọ̀gá àgbà kì í buwọ́ lu ìwé ńlá láì bi í, síbẹ̀ tí kì í rojọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní kóòtù. Òfin ìwà àwọn agbẹjọ́rò ló dè é lọ́wọ́: lọ́yà tó ń gba owó oṣù kò gbọdọ̀ rojọ́ fún ẹni tó gbà á síṣẹ́, àfi tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí ẹjọ́ bá délẹ̀, lọ́yà ìta ni ilé-iṣẹ́ máa ń bẹ̀. Lọ́yà tí kì í rojọ́ yìí ni a ń pè ní olórí agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́. Mímọ òwò ilé-iṣẹ́ náà tinú-tòde, àti ìgboyà láti sọ pé "rárá" nígbà tí "rárá" ṣì lè ṣe àǹfààní, ló ń gbé lọ́yà dé àga yẹn ju ẹnu dídùn lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ MTN. Ní Oṣù Kẹwàá 2015, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ tẹlifóònù, bu ìtanràn náírà tírílíọ̀nù 1.04 lé ilé-iṣẹ́ náà nítorí nọ́ńbà tó lé ní mílíọ̀nù 5 tí ìforúkọsílẹ̀ wọn kò pé, tí wọn kò sì gé nígbà tí àṣẹ ní kí wọ́n gé e. Ilé-iṣẹ́ náà gba kóòtù lọ. Ní Oṣù Kejì 2016, ó fa ẹjọ́ náà padà, ó san bílíọ̀nù 50 sílẹ̀, wọ́n sì jókòó sọ̀rọ̀. Nígbà tó di Oṣù Kẹfà, wọ́n fẹnu kò sí bílíọ̀nù 330. Ìdí tábìlì ìjíròrò ni owó ti já wálẹ̀. Adájọ́ kankan kò dá a. Ìlànà tó dá wàhálà náà sílẹ̀ kì í sì í ṣe àdììtú. Ẹni tó máa rí irú ewu bẹ́ẹ̀ lókèèrè gbọ́dọ̀ mọ bí ọmọ tó ń ta síìmù lábẹ́ agboòrùn ṣe ń kọ orúkọ oníbàárà sílẹ̀, kó sì mọ ìdí tí àwọn tó ń wá oníbàárà kiri kò fi ní fẹ́ kí a gé nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Kò sí ìwé òfin tó ń kọ́ni nìyẹn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà dà bíi ti lọ́yà yòókù: ọdún 5 ní yunifásítì fún ẹni tó gba ìdánwò JAMB wọlé, lẹ́yìn náà Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1962, lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Àwọn kan wọ báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ epo tààrà. Àwọn kan wá láti àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́. Àwọn mìíràn kọ́kọ́ lo ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò tó ń kọ ìwé àdéhùn fún oníṣòwò, èyí ni mo sì fara mọ́ jù, torí pé níbẹ̀ ni a ti ń rí àṣìṣe ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá dípò ti ẹyọ kan. CAMA ti 2020, òfin tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́, tún ní kí gbogbo ilé-iṣẹ́, àfi àwọn kéékèèké, ní akọ̀wé ilé-iṣẹ́. (Kì í ṣe akọ̀wé tó ń tẹ̀wé o; ẹni tó ń jókòó ti ìgbìmọ̀ olùdarí ni.) Ọ̀pọ̀ olórí agbẹjọ́rò ló ń di ipò méjèèjì mú pọ̀. Àmọ́ nínú ilé-iṣẹ́ tí ará ìlú lè ra ìpín nínú rẹ̀, òfin gba oníṣirò owó tó gbàwé ẹ̀rí láàyè láti jẹ akọ̀wé yìí bó ṣe gba lọ́yà. Lọ́yà tí kò lè ka ìwé ìṣirò owó ti fi àga náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹnìkan á ní ẹni tó mọ ènìyàn ló ń débẹ̀. Irọ́ kọ́ pátápátá; ojúlùmọ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tó lè já sí bí àga náà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a lè fowó rà. Ní 2010, Nàìjíríà bá ilé-iṣẹ́ P&ID ṣe àdéhùn gáàsì. Ní 2017, ìgbìmọ̀ onílàjà ní kí a san dọ́là bílíọ̀nù 6.6, èlé sì sọ ọ́ di nǹkan bíi 11. Ní Oṣù Kẹwàá 2023 ni kóòtù Lọ́ńdọ̀nù fagi lé e, tí adájọ́ sì rí i pé P&ID ti fún olórí agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ ìjọba tí ọ̀ràn náà kàn ní rìbá. Ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò tí a ti rà kò lè dáàbò bo ẹni tó gbé e sórí àga.

Ẹlòmíràn á béèrè pé ta ni yóò sọ "rárá" fún ọ̀gá tó ń sanwó oṣù rẹ̀, tí wọn kò ní lé e? Òfin CAMA kan náà ti ronú sí i: bí ìgbìmọ̀ olùdarí ilé-iṣẹ́ tí ará ìlú ní ìpín nínú rẹ̀ bá fẹ́ yọ akọ̀wé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí i, kí wọ́n sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 7 láti wí tẹnu rẹ̀. Ààbò yìí kò dé ọ̀dọ̀ lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹnìkan ṣoṣo tó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ àbùkù òfin náà.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè lítíréṣọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó gbani síbi ìmọ̀ òfin. Polí Ọ̀fà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992, kì í fúnni ní oyè òfin. Yunifásítì Ìlọrin ń fúnni.