Òkúta Olúmọ wà lábẹ́ ilé yín ní Kétu

Òkúta la fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń gbé ní Kétu, Ìkòsì tàbí Mile 12 á ti máa rẹ́rìn-ín: òkúta wo ló wà ní àdúgbò wa? Òótọ́ ni. Bẹ́ ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ láti Kétu títí dé Agbóyi, yanrìn, amọ̀ àti ẹrẹ̀ dúdú lẹ máa rí, ẹ ò ní kan àpáta. Òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré, ọkọ̀ ńlá ló ń gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn.

Ohun tó jẹ́ kí n máa ro ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nígbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́ girama, a rẹ́ńtì ilé kan ní apá ibi tí Kétu ti ń sún mọ́ omi. Ògiri ilé náà sán. Nígbà tó kọ́kọ́ sán, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Kó tó pé ọdún méjì, ìka mi ti ń wọ inú ẹ̀. Wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún lọ́dà, ó tún là. Ẹ ṣáà mọ òwe yẹn, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́. Tiwa lanu, aláǹgbá sì wọlé lóòótọ́. Ìyá mi ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣojú lásán, ó sì ti ń wá owó tí wọ́n máa fi ṣe àdúrà àrà ọ̀tọ̀ sí ilé náà.

Bàbá bíríkìlà kan ló wá wò ó. Kò tiẹ̀ pẹ́ níwájú ògiri. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó ní: "Màmá, ẹ má náwó yín dànù. Ilé yìí ò ríbi tẹsẹ̀ sí ni. Abẹ́òkúta kọ́ lẹ wà, ẹ ò sí lórí àpáta."

Gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ tí mo wá fojú ara mi rí Olúmọ, mo rí i pé òótọ́ ni bàbá yẹn sọ, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni.

Àpáta tó fi àwọn Ẹ̀gbá pa mọ́

Orí àpáta Olúmọ ga tó mítà 137 sí ojú òkun. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, Ṣódẹkẹ́ ló ṣíwájú àwọn tó ṣẹ́ kù dé ibẹ̀ lọ́dún 1830. Wọ́n fi ihò abẹ́ àpáta náà ṣe ilé, ibẹ̀ ni orúkọ ìlú náà ti wá: abẹ́ òkúta. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀ lónìí, ẹ máa rí àwọn ojú kòtò kéékèèké lórí àpáta níbi tí àwọn obìnrin ayé ìgbà náà ti ń lọ nǹkan. Ọmọ ogun Dàhòmì wá gbógun ti ìlú náà lọ́dún 1851, wọ́n tún padà wá lọ́dún 1864. Wọn ò rí i kó nígbà méjèèjì. Abájọ tí àwọn ará ìlú fi ń bọ Olúmọ.

Orúkọ àpáta náà ńkọ́? Àwọn kan ní Olúwa ló mọ ọ́n, bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò. Àwọn mìíràn ní ohun tó túmọ̀ sí ni pé ibẹ̀ ni Olúwa ní kí ìyà wọn mọ. Ẹ jẹ́ ká mú ti àkọ́kọ́ yẹn. Amọ̀kòkò ò lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀ láìsí iná, àbí? Iná wà nínú ọ̀rọ̀ Olúmọ náà.

Báwo ló ṣe mọ?

Irú òkúta tí Olúmọ jẹ́ ni gíráníìtì. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta yíyọ́ tó gbóná janjan ru gòkè láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Kò tú jáde bíi ti òkè tó ń yọ iná. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló dúró sí, ó ku ọ̀pọ̀ kìlómítà kó dé òkè, ó wá ń tutù díẹ̀díẹ̀. Ẹ ronú nípa omi iyọ̀. Bẹ́ ẹ bá sè é gbẹ kíákíá, iyọ̀ kúnná ló máa kù sídìí ìkòkò. Bẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ kó gbẹ fúnra ẹ̀, hóró iyọ̀ náà máa tóbi. Bó ṣe rí fún gíráníìtì nìyẹn. Ó fara balẹ̀ tutù, ìdí nìyẹn téèyàn fi lè fi ojú lásán rí hóró inú ẹ̀.

Oríṣi hóró mẹ́ta ló pọ̀ jù níbẹ̀. Quartz dà bí ìgò tí kò mọ́ dáadáa. Feldspar funfun bíi wàrà tàbí kó pọ́n díẹ̀. Mica ló fẹ́lẹ́, òun ló máa ń dán yinrin bí oòrùn bá tàn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí àwọn mẹ́ta yìí, wọ́n ń bọ̀ wá sí Kétu.

Báwo ni ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ṣe wá di òkè? Òkè yẹn ò gòkè púpọ̀, ohun tó bò ó ló lọ. Òjò àti odò ń ha ilẹ̀ tó wà lórí ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Nígbà tí ẹrù kúrò lórí ẹ̀, òkúta náà fẹ̀ díẹ̀, ara ẹ̀ wá ń bó ní ìpele-ìpele. Ẹ mú àlùbọ́sà kan ní ọjà Mile 12 kẹ́ ẹ bó o, bí awọ ẹ̀ ṣe ń ṣí kúrò lórí ara wọn ni ti àpáta náà, ìdí nìyẹn tí orí irú àpáta bẹ́ẹ̀ fi máa ń rí rogodo. Omi òjò tún ń gba ojú ibi tó sán wọlé, ó ń jẹ òkúta, ó ń fọ èyí tó ti rọ̀ lọ. Àwọn ràbàtà tó le ló kù tí wọ́n gbé ara wọn lé ara wọn. Àlàfo tó wà lábẹ́ wọn ni ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí.

Èyí tó ti rọ̀ yẹn ńkọ́, ibo ló gbà lọ?

Obìnrin tó di odò

Ìtàn kan wà tí àwọn àgbà máa ń sọ. Wọ́n ní Yemọja fẹ́ ọba Ṣakí, wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn pé ọba ò gbọdọ̀ fi ọmú ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láéláé. Lọ́jọ́ kan, ọba mutí yó, ó sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Inú bí Yemọja, ó sá kúrò nílé. Ó ní ìkòkò oògùn kan lọ́wọ́ tí Olókun fún un. Bó ṣe ń sáré lọ, ó ṣubú, ìkòkò fọ́, omi tú jáde, Yemọja di odò, ó ń ṣàn lọ sí òkun. Ọba náà bá di òkè, ó dí i lọ́nà. Yemọja ké pe Ṣàngó ọmọ ẹ̀. Ààrá sán, òkè là sí méjì, odò sì kọjá.

Odò yẹn ni Odò Ògùn. Ẹ má ṣì í pè o, kì í ṣe Ògún onírin. Agbègbè Ṣakí ló ti ṣẹ̀ wá lóòótọ́, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó gba Ìṣẹ́rí, ó wá gba ẹ̀gbẹ́ Kosofe tiwa yìí kó tó wọ inú ọ̀sà Èkó.

Ohun tó wú mi lórí nínú ìtàn yìí ni pé òkè àti omi ń bá ara wọn jà, omi ló sì borí. Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa òkúta náà ń sọ nìyẹn, àmọ́ wọ́n ní ìjà náà ò parí lọ́jọ́ kan. Omi òjò ní èròjà kíkan díẹ̀ nínú. Bó bá ti ń kan feldspar, ó ń sọ ọ́ di amọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mica náà ń jẹrà, àmọ́ kì í yá. Quartz ni òjò ò rí ṣe. Nígbà tí àwọn tó yí i ká bá ti rọ̀, á já bọ́ ní hóró kọ̀ọ̀kan. Hóró yẹn ni yanrìn.

Láti orí òkè dé inú búlọ́ọ̀kù

Odò Ògùn ń kó amọ̀ àti yanrìn yìí wá sísàlẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí omi ò sáré mọ́, yanrìn á balẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é láti ayébáyé nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá kúrò ní Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ ń bọ̀ ní Èkó, àpáta líle ń rì wọ ilẹ̀ lọ, ìpele yanrìn sì ń bò ó. Ní Ewékorò, ẹ máa bá òkúta ẹfun tí ìkarahun ẹran omi wà nínú ẹ̀, èyí tó fi hàn pé òkun ti wà níbẹ̀ rí. Òun ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀ láti ọdún 1960. Tẹ́ ẹ bá fi máa dé Kétu, àpáta ti jìnnà gan-an nísàlẹ̀. Ìyókù rẹ̀ tó di hóró ló wà lókè.

Kì í ṣe Olúmọ nìkan o. Gbogbo òkè tí Odò Ògùn àti àwọn odò tó ń ṣàn sínú ẹ̀ fọ̀ ló dá yanrìn náà jọ. Àmọ́ yanrìn tí wọ́n ń wà lódò, tí típà ń gbé kiri àdúgbò wa, ẹbí Olúmọ ni.

Ẹ dán an wò nílé. Ẹ bu ilẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìgò tó mọ́, ẹ bu omi sí i, ẹ dé e, kẹ́ ẹ mì í dáadáa, kẹ́ ẹ sì gbé e kalẹ̀. Yanrìn á balẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Amọ̀ lè má balẹ̀ tán títí di ọjọ́ kejì. Ẹ wá tan iná fóònù sí yanrìn náà. Èyí tó ń dán bí ìgò ni quartz. Bẹ́ ẹ bá rí èyí tó ń kọ yinrin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mica.

Ògiri wa tó sán

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Yanrìn tó kì dáadáa lè gbé ilé. Àmọ́ lẹ́bàá omi, ẹrẹ̀ dúdú tí ewé jíjẹrà kún inú ẹ̀ máa ń wà láàárín yanrìn. Ó rí bíi fóòmù tó mumi: tẹ́ ẹ bá gbé ẹrù lé e, omi á máa fún jáde, á máa rì. Bí apá kan ilé bá wà lórí yanrìn, tí apá kejì wà lórí ẹrẹ̀ tàbí pàǹtí tí wọ́n fi dí irà, apá kejì á rì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ògiri ò lè tẹ̀, ó máa sán ni. Tiwa sán lọ́nà ìdàgẹ̀rẹ̀ bí àtẹ̀gùn, irú èyí tó máa ń wáyé bí ilẹ̀ bá ń rì. Ìyá mi ò náwó àdúrà yẹn mọ́. Owó náà la fi kún owó ilé tuntun.

Àwọn ibi pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, yàrá odò ni. Lọ́dún 2010, omi Odò Ògùn kún wọ Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12, ọ̀pọ̀ èèyàn sì sá kúrò nílé wọn. Odò tó ko yanrìn náà wá kò tíì lọ síbì kankan.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó ilé, ẹ wò ó bóyá ògiri sán bí àtẹ̀gùn. Ẹ bi àwọn ará àdúgbò ibi tí omi máa ń dé ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fọwọ́ hàn yín lára ògiri. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé, kó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ náà yẹ̀ wò kó tó ra búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo.

Bí mo bá tún pàdé bàbá bíríkìlà yẹn, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, màá sọ fún wọn pé, "Bàbá, a wà lórí òkúta Abẹ́òkúta o. Omi ló ti lọ̀ ọ́ kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa."

Ẹ dán ti inú ìgò yẹn wò, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún mi. Ó dàbọ̀.