Ẹsẹ̀ àti Ìwé: Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Ọmọbìnrin Tó Fẹ́ Fi Bọ́ọ̀lù Agbọ̀n Jẹun

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá fẹ́ fi bọ́ọ̀lù agbọ̀n jẹun, ohun méjì ni yóò gbé e débẹ̀ tí kò sì ní jẹ́ kó tètè kúrò níbẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìwé rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ lẹ rò pé mo máa dárúkọ. Ọwọ́ ló ń jù ú sínú àwọ̀n lóòótọ́, òun náà ni wọ́n sì ń yà ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ yìí bọ́ lọ́wọ́ wọn lójú mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí èyí tí kò mọ bọ́ọ̀lù jù nínú wọn. Orúnkún ló dá ẹlòmíì dúró, ìwé tí kò kà kó tó fọwọ́ sí i ló dá ẹlòmíì dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹsẹ̀ ṣáájú. Iṣan kan wà nínú orúnkún tó so egungun itan mọ́ egungun ojúgun, ACL làwọn dókítà ń pè é. Ti obìnrin máa ń já ju ti ọkùnrin lọ nínú eré tí fífò àti yíyí bìrí bá pọ̀ sí. Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún, ó lè gbà á tó oṣù mẹ́sàn-án, ó lè gbà á tó ọdún kan, kó tó tún fojú kan ìdíje. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọmọ náà rárá. Ó fò, ó balẹ̀, orúnkún yẹ̀ sínú, ó parí.

Nítorí náà, kí o tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò, kọ́ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí gìgísẹ̀ tẹ̀lé e. Tẹ orúnkún méjèèjì, kí o sún ìdí sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí, kí orúnkún kọjú síbi tí ìka ẹsẹ̀ kọjú sí. Má jẹ́ kí méjèèjì súnmọ́ra. Èmi máa ń kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọmọ mi, màá ní kí wọ́n máa fò lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì máa fetí sílẹ̀. Ẹni tí mo bá gbọ́ “gbì” ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tún un ṣe. Wọ́n á máa kùn, wọ́n á ní mama kò jẹ́ káwọn fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Kí wọ́n kùn. Bọ́ọ̀lù ò sá lọ.

Ọ̀pọ̀ pápá tí a ti ń gbá a nílé níbí, kọnkéré ni, kọnkéré ò sì ṣàánú egungun. Bí owó díẹ̀ bá wọlé, bàtà ni kó kọ́kọ́ lọ fún, kó tó kan wíìgì. Ẹ má bínú sí mi, mo rí irun orí yín, ó dára, ṣùgbọ́n mo rí ìsàlẹ̀ bàtà yín náà.

Ẹ lọ wo fídíò àwọn D’Tigress, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù agbọ̀n àwọn obìnrin Nàìjíríà, ní Olympics Paris lọ́dún 2024. Wọ́n na Australia 75 sí 62, wọ́n na Canada 79 sí 70, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, ti ọkùnrin àti ti obìnrin, tó dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù agbọ̀n Olympics. Amẹ́ríkà ló dá wọn dúró níbẹ̀, 88 sí 74. Rena Wakama tó kó wọn lọ ni FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù agbọ̀n àgbáyé, yàn ní kóòṣì tó tayọ jù lọ nínú ìdíje àwọn obìnrin. Tí ẹ bá ń wò ó, ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ẹ mú ọmọ Nàìjíríà kan tí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan fún ìṣẹ́jú díẹ̀: bó ṣe tẹ̀ba, bó ṣe ń fẹ̀gbẹ́ rìn láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ kan kọjá èkejì, bó ṣe ń débi tí ọ̀tá fẹ́ lọ kí onítọ̀hún tó débẹ̀. Wọ́n fún Australia mọ́ra látòkè délẹ̀ títí bọ́ọ̀lù fi ń bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Jíjù pàápàá, ẹsẹ̀ ló ni ín. Ní ìdá kẹrin ìdíje, tí itan bá ti rẹ̀, bọ́ọ̀lù kì í dé agbọ̀n. Iwájú irin ló máa ń gbá. Ẹ̀yin á ní ọwọ́ yín ò dáa lónìí. Irọ́ ni.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa wò, Àríkẹ́ Ògúnbọ̀wálé, ọmọ tí wọ́n bí sí Milwaukee, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Lọ́dún 2018, nígbà tó wà ní yunifásítì Notre Dame, òun ló ju bọ́ọ̀lù tó lé UConn lọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó tún ju òmíràn tó fi gba ife lọ́wọ́ Mississippi State. Gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Èyí tí mo fi ń kọ́ ọmọ ni ti ìdíje All-Star WNBA, líìgì àwọn obìnrin Amẹ́ríkà, lóṣù Keje ọdún 2024. Ní ìdajì àkọ́kọ́, kò rí ẹyọ kan jù wọlé, òdo ni. Ní ìdajì kejì ó ju 34, wọ́n sì fi í ṣe ẹni tó tayọ jù lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ti ń sá fún bọ́ọ̀lù torí pé mẹ́ta ti tàsé, kó lọ wo ọjọ́ náà dáadáa.

Ó tó lórí eré, ó kan ìwé.

Kò sí àyè púpọ̀ ní WNBA. Ẹgbẹ́ 12 ló wà níbẹ̀ lọ́dún 2024, kò sì sí èyí tó gbọ́dọ̀ kó ju ẹni 12 lọ, nítorí náà gbogbo àyè tó wà ò ju 144 lọ fún gbogbo àgbáyé. Ẹ wo Evelyn Akhator: ó kúrò ní Èkó, ó lọ sí Chipola College ní Florida, ó lọ sí yunifásítì Kentucky, ẹgbẹ́ Dallas sì mú un ní ipò kẹta nínú draft, ètò tí WNBA fi ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, lọ́dún 2017. Ipò kẹta! Síbẹ̀ kò pẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi jẹ́ kó máa lọ, ó sì gba Yúróòpù lọ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín máa ti jẹun, ní Tọ́kì, Sípéènì, Faransé, Ítálì. Ìwé àdéhùn tuntun ni lọ́dọọdún, èdè tuntun, olówó tuntun.

Nítorí náà, béèrè láísẹ́ǹsì FIBA lọ́wọ́ éjẹ́ńtì rẹ kí o tó béèrè iye tó máa gbà fún ọ. Èyí tó bá ní kí o kọ́kọ́ san owó físà wá, bá a dágbére. Tí ìwé bá dé, wo owó wo ni wọ́n fi kọ ọ́, ọjọ́ wo ni wọn yóò san án, ta ni yóò san ilé àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ta ni yóò tọ́jú orúnkún, ṣé owó á ṣì máa wọlé tó o bá fara pa. Kí o wá wá gbólóhùn tó gbé aáwọ̀ lọ síwájú BAT, ilé ẹjọ́ FIBA tó wà ní Geneva. Tí gbólóhùn náà ò bá sí níbẹ̀, ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i. Ẹgbẹ́ tó bá jẹ ọ́ lówó, tó sì kọ etí ikún sí ìdájọ́ BAT, FIBA lè dí i lọ́wọ́ kó má lè forúkọ ẹlòmíì sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ẹ sọ fún àwọn òbí yín pé kí wọ́n tètè gba páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún yín. Ẹni tó bá gbà á lẹ́yìn ọmọ ọdún 16, àjèjì tó di ọmọ onílẹ̀ ni FIBA kà á sí, ẹyọ ẹnì kan irú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè lè lò. Ohun mìíràn tún lè dí yín lọ́wọ́: Nneka Ogwumike, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gbá bọ́ọ̀lù fún Amẹ́ríkà fún ọdún pípẹ́. Nígbà tó wá fẹ́ bá D’Tigress lọ sí Olympics Tokyo, FIBA kọ̀, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá náà ò sì gbè é.

Nneka yìí kan náà ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù WNBA nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn ọdún 2020. Àdéhùn yẹn gbé owó oṣù tó ga jù lọ dé $215,000 lọ́dún, ó sì ní kí wọ́n máa san gbogbo owó oṣù ẹni tó bá lọ bímọ. Wọ́n á bi yín nílé pé ìgbà wo lẹ máa lọ́kọ, ìgbà wo lẹ máa bímọ. Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹgbẹ́ yín náà ní tiwọn, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, pé tí mo bá lóyún ńkọ́?

Ti orílẹ̀-èdè, ẹ fi gbogbo ara gbá a, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ayé yín lé e. Lọ́dún 2022, ìjọba ní kí Nàìjíríà má kópa nínú ìdíje bọ́ọ̀lù agbọ̀n àgbáyé mọ́. Kí wọ́n tó yí ìpinnu náà padà, FIBA ti fún Mali ní àyè D’Tigress ní ife àgbáyé Sydney. Àwọn ọmọbìnrin tó gba àyè náà lórí pápá, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Àwọn tó ní ìwé àdéhùn lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Ẹni tí ìwé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí, kó mú un wá lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìgbáradì. Ká jọ kà á, títí dé àwọn lẹ́tà kékeré ìsàlẹ̀ yẹn, kí o tó fi bírò kàn án.