Bí Ẹ Bá Ń Gba Òkìtìpupa Lọ sí Ayétòrò

Ẹni tó bá ń wá ọgbà ìṣeré onírin, níbi tí kẹ̀kẹ́ ńlá ti ń gbé ọmọdé lọ sókè tó sì ń dá a padà, kó gba Ìbàdàn lọ. Ibẹ̀ ni Transwonderland wà, èyí tí Noo Saro-Wiwa fi orúkọ rẹ̀ sí ara ìwé ìrìn-àjò tó kọ ní 2012. Ohun tí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí Òkìtìpupa wà ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní fún àlejò kò jọ ìyẹn: odò, oko ọ̀pẹ, ọdún ìbílẹ̀, àti ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ títí dé etí òkun àwọn Ìlàjẹ. Ní òpin ọ̀nà náà ni Ayétòrò wà, ìlú tí gbogbo èèyàn ń pè ní Happy City. Ó ti lé lógún ọdún tí òkun ti ń jẹ ìlú náà, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì kọ̀, wọn ò fi í sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi Òkìtìpupa ṣe ibùdó, kó sì lọ kí wọn bí àlejò tó níwà, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ lọ wòran, kó jókòó sílé.

Dídé Òkìtìpupa

Láti Èkó, òpópónà Bìní lẹ máa tọ̀ dé Ọ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tó yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Láti Àkúrẹ́, ẹ gba Oǹdó wá sí Ọ̀rẹ̀ kan náà. Kò sí awakọ̀ ojú ọ̀nà yẹn tí kò mọ Ọ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń dúró jẹun. Àwọn àgbà tún mọ̀ ọ́n fún ohun mìíràn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Ògún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra wọ Midwest, wọ́n sì dorí kọ ọ̀nà Èkó; agbègbè Ọ̀rẹ̀ yìí ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" tó wà lẹ́nu wa títí dòní.

Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ rìn. Láàárín Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa, inú igbó àti oko lẹ máa gbà, ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé sì ti kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n. Ọkọ̀ inú gáréèjì kì í gbéra àfi tó bá kún, nítorí náà ẹ tètè jí.

Ìlú Ìkálẹ̀ pọ̀ ju Òkìtìpupa lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti ti Ìrèlè ni ọ̀pọ̀ wọn wà, àwọn kan tún wà ní Odígbó. Nínú àwọn ọba wọn, Abòdì wà ní Ìkọ̀yà, Jẹ́gun wà ní Ìdèpé-Òkìtìpupa, Olófun wà ní Òde-Ìrèlè, ìtàn ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú náà sì ń tọ́ka sí Bìní. Ẹ máa rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́tùn-ún lósì nítorí yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Olúṣẹ́gun Agagu sọ. Ọmọ Ìjù-Odò nítòsí ibẹ̀ ni, òun sì ni gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2003 títí di 2009. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, oúnjẹ ò ní wọ́n, ọ̀kadà ò sì ní ṣòro rí.

Ọ̀rọ̀ iná nìkan ni kẹ́ ẹ múra sílẹ̀ fún. Fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ ni ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Oǹdó fi wà láìsí iná NEPA rárá. Kẹ́ ẹ tó sanwó yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ béèrè aago tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ àti aago tí wọ́n ń pa á. Ẹ gbé páwà báǹkì dání. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iná yìí sọ́kàn, a ṣì máa padà sórí rẹ̀ tá a bá dé Ayétòrò.

Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀

Kò yẹ kéèyàn dé Ìkálẹ̀ kó má jẹ pupurú. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi rọ̀, wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á wá fi ọwọ́ mọ ọ́n ní róbótó. Lẹ́yìn náà wọ́n á tò ó sórí àjà lókè iná igi. Èéfín ló máa gbẹ ẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Tẹ́ ẹ bá rí i lọ́jà, ẹ má sá fún dúdú yẹn. Ẹni tó fẹ́ rò ó máa fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, inú rẹ̀ á yọ funfun, wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á sì rò ó nínú omi gbígbóná. Òórùn èéfín máa kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kan kórìíra òórùn yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ fi ọbẹ̀ marúgbó àti ẹja yíyan jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá fi ọ̀gógóró lọ̀ yín lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ rántí pé ẹ ṣì máa wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ìgbọ́kọ̀dá àti ojú omi

Àárọ̀ kùtùkùtù, tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ni kẹ́ ẹ kúrò ní Òkìtìpupa lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ti tán síbẹ̀ nìyẹn, ẹ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn èèyàn tó jẹ́ pé odò Olúwa ni títì wọn. Ẹja ni ọjà ebúté náà fi ń ṣe fújà: tútù, yíyan, gbígbẹ, pẹ̀lú edé. Ẹ gba owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, torí ẹ̀yìn ibẹ̀ nẹ́tíwọ̀kì lè kọ̀.

Ẹ má wọ ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀wù ìléfòó. Awakọ̀ lè rẹ́rìn-ín, ó lè sọ pé láti kékeré ni òun ti wà lórí omi. Òun nìyẹn. Ẹ tún wo iye èèyàn tó ti wọlé. Tí omi bá ti fẹ́ bá etí ọkọ̀ dọ́gba, ẹ dúró de òmíràn. Ẹ fi ọ̀rá wé fóònù, kẹ́ ẹ gbé omi mímu tó tó yín dání, nítorí omi iyọ̀ ti ba ọ̀pọ̀ omi mímu jẹ́ ní etíkun. Oṣù Bélú sí Ẹrẹ́nà ló dára jù láti rìn. Láàárín òjò, òkun a máa ru, ọkọ̀ sì lè má gbéra.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ wo igbó etí omi dáadáa. Níbòmíràn ẹ máa rí igi tó ti kú lórí ìdúró. Ní apá Awoye, ìlú Ìlàjẹ mìíràn létíkun, àwọn ipa omi tí iléeṣẹ́ epo gbẹ́ ló ṣí ilẹ̀kùn fún omi òkun tó fi wọ inú irà, àwọn igi tí kò mọ iyọ̀ sì gbẹ.

Ìlú tí wọ́n fi àpò kan gbọ́ bùkátà rẹ̀

Ní 1947 ni àwọn Ìlàjẹ kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ Ayétòrò dó. Wọ́n ti takò bíbọ òrìṣà àti pípa ìbejì nílùú wọn, ojú wọn sì rí màbo nítorí rẹ̀. Wọ́n pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Olórí wọn ń jẹ́ Ogeloyinbo, oyè náà sì wà títí dòní.

Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù. Ohun tí apẹja pa àti ohun tí ahunṣọ hun, àpò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Àpò yẹn ló ń bọ́ ìlú, òun ló ń dáṣọ fún wọn. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ran bàtà, wọ́n ṣe búrẹ́dì, wọ́n sì gbẹ́ ipa omi fúnra wọn kí ọkọ̀ lè máa wọlé. Láàárín 1950 sí 1959, iná mànàmáná ti ń tàn nínú ìlú orí irà yìí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Ẹ wá rántí hòtẹ́ẹ̀lì yín ní Òkìtìpupa àti jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Stanley Barrett ṣe ìwádìí láàárín wọn, ìwé tó kọ nípa wọn sì jáde ní 1977. Àpò kan náà ti tú kó tó jáde, nítorí láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni oníkálukú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀.

Etí òkun Ayétòrò ni ọ̀pọ̀ èèyàn agbègbè náà mọ̀ fún fàájì nígbà ọdún. Ibi tí wọ́n ń jókòó sí nígbà náà ti wà nínú omi báyìí. Ilẹ̀ etíkun Màhín, níbi tí Ayétòrò wà, kì í ṣe yanrìn líle bíi ti Èkó; ẹrẹ̀ ni, ó sì lọ sílẹ̀, nítorí náà ìgbì kì í pẹ́ kó tó gé e. Omi òkun gbogbo ayé tún ń ga sí i. Ilé gbígbé, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wọn, òkun ti kó nínú gbogbo rẹ̀. Lẹ́bàá omi, ẹ máa rí ògiri tó kù ní ìdajì, fèrèsé rẹ̀ ṣì wà, ìgbì ń wọlé níbẹ̀ ó ń jáde níbòmíràn.

Kí ni àwọn ará ìlú ń ṣe sí i? Ohun àkọ́kọ́ ni pé wọ́n ń ṣí. Tí omi bá ti fẹ́ kan ilé pákó, wọ́n á tú u, wọ́n á kó pákó àti páànù sẹ́yìn, wọ́n á tún un kàn. Àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èkejì ni ariwo. Wọ́n kọ lẹ́tà sí gómìnà àti ààrẹ, wọ́n pe oníròyìn, wọ́n gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn, ọba àti ọ̀dọ́, ọkùnrin àti obìnrin. NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé iṣẹ́ odi tó máa dá òkun dúró fún agbaṣẹ́ṣe ní 2004, wọ́n tún gbé e fún òmíràn ní 2009, iṣẹ́ ò dé ibì kankan. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Keta ní Ghana wà lójú òkun kan náà, ìgbì ti kó ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ láti ayébáyé. Ìjọba wọn mọ odi, wọ́n kó yanrìn dí ilẹ̀ padà, nǹkan bí 2004 kan náà ni iṣẹ́ yẹn parí. Nílé wa níhìn-ín, nígbà tí òkun fẹ́ gbé Bar Beach lọ, wọ́n rí òkúta tó pọ̀ tó láti dá a dúró, wọ́n sì kọ́ Eko Atlantic sórí ilẹ̀ tí wọ́n rí gbà. Ilẹ̀ olówó nìyẹn o.

Bí ẹ ṣe máa ṣe tẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ti ń kí àwọn àgbà ìlú. Ìlú ìjọ ni, wọ́n ní ìlànà tiwọn. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ̀yin obìnrin sì mú gèlè tàbí ìborùn dání. Ẹ kí àgbà kẹ́ ẹ tó yọ kámẹ́rà. Wọ́n ti rí kámẹ́rà tó pọ̀ ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ níbẹ̀, kò sì yẹ kó yà yín lẹ́nu tí ìyá kan bá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilé rẹ̀ tó wó lẹ fẹ́ yà yẹn.

Ẹ má ṣèlérí kankan. Ẹ má sọ pé ẹ mọ ẹnì kan ní Abuja. Ẹ gba ọmọ ìlú kan láti mú yín kiri, kẹ́ ẹ sanwó fún un bí ẹ ṣe máa san fún afinimọ̀nà níbikíbi. Ọwọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ra ẹja, ẹ má dúró di Ìgbọ́kọ̀dá. Ẹ jẹun níbẹ̀, kẹ́ ẹ san iye tí wọ́n bá pè láì nájà dójú ikú. Ọ̀nà kan tí ìlú fi ń wà láàyè ni kí owó máa wọ inú rẹ̀, kí ọ̀dọ́ rí ìdí tí kò fi ní kó lọ sí Èkó. Gbogbo ọ̀rá àti ike omi tẹ́ ẹ gbé wá, ẹ gbé e padà.

Ẹ má lúwẹ̀ẹ́. Òkun yẹn ń fà, ìdọ̀tí ilé tó wó sì wà nísàlẹ̀ omi: irin, ìṣó, kọnkéré. Àwọn ọmọ ibẹ̀ lè máa ṣeré létí omi, wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀ ti pin, ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ìlú, àwọn ọmọ Ayétòrò sì ń wálé láti ibi gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìlú náà nígbà tó kún, tí orin ń dún, kó lọ nígbà yẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọdún ti Ìkálẹ̀ kún un, kó béèrè ọjọ́ ọdún Málòkun ní Òde-Ìrèlè lọ́wọ́ ẹnì kan ní Òkìtìpupa, torí kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún.

Àárọ̀ tẹ́ ẹ bá dé ni kẹ́ ẹ ti bi awakọ̀ ní aago tí ọkọ̀ ìkẹyìn máa kúrò. Tẹ́ ẹ bá háyà ọkọ̀ fún ara yín, ẹ san ìdajì owó, ẹ di ìdajì mú títí ẹ máa fi padà dé ebúté Ìgbọ́kọ̀dá. Ọkọ̀ Òkìtìpupa ṣì máa wà ní gáréèjì tẹ́ ẹ bá dé kí ilẹ̀ tó ṣú.