Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: ÌDÍJE ALÁPÁ-MẸ́TA

Ẹ ka àyọkà yìí dáadáa, kí ẹ sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e.

Ǹjẹ́ ẹ ti rí ẹni tí ó lúwẹ̀ẹ́ tán, tí kò dúró nu ara, tí ó fò gun kẹ̀kẹ́, tí ó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tán tí ó tún bẹ́ sí eré? Ẹ lè rò pé ẹnìkan ni ó ń lé onítọ̀hún. Kò sí ẹni tí ó ń lé e. Ìdíje ni. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní tíráyátílọ́ọ̀nù. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ìdíje alápá-mẹ́ta ni àwa yóò máa pè é, nítorí pé apá mẹ́ta ni ó ní. Ìlúwẹ̀ẹ́ ni àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ gígùn ni ìkejì, eré sísá ni ìkẹta. Kò sí ìsinmi láàárín wọn. Aago tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà nígbà tí ènìyàn wọ omi kò ní dúró títí onítọ̀hún yóò fi parí eré sísá. Bí ó bá jókòó láti so okùn bàtà rẹ̀, aago ń lọ.

Ìlúwẹ̀ẹ́ ni a fi ń ṣáájú lóde òní. Ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀ kí ó fẹ̀yìn ti igi. Kò sí igi láàárín omi.

Ìdíje yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, ẹgbẹ́ àwọn eléré ìje kan ní ìlú San Diego ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lóde òní. Ènìyàn 46 ni ó kópa. Ní oṣù Kejì ọdún 1978, wọ́n ṣe èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní erékùṣù Oahu ní Hawaii. Wọ́n lúwẹ̀ẹ́ fún nǹkan bí kìlómítà 3.8, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 180, wọ́n sì sá eré fún kìlómítà 42. Ọkùnrin 15 ni ó bẹ̀rẹ̀. 12 ni ó parí. Gordon Haller ni ó gba ipò kìíní. Ó lo wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 46.

Ní ọjọ́ náà, olúkúlùkù ni ó mú olùrànlọ́wọ́ tirẹ̀ wá láti máa fún un ní oúnjẹ àti omi lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn, John Dunbar, ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n omi tán lọ́wọ́ àwọn tí ó ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fún un mu? Ọtí bíà ni! Ipò kejì ni ó gbà. Lónìí, nínú ọ̀pọ̀ ìdíje alápá-mẹ́ta, wọ́n máa ń to tábìlì omi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn ènìyàn a sì dúró nídìí rẹ̀ láti pín in. Ní ọdún 2000, ìdíje yìí wọ inú eré Òlíńpíìkì ní ìlú Sydney ní ilẹ̀ Ọsirélíà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó gùn bí ti Hawaii. Àwọn ìlú kéékèèké náà ń ṣe tiwọn. Mo ti wà níbi ọ̀kan rí, n ó sì sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ará Leeds fẹ́ràn ìdíje alápá-mẹ́ta púpọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni Alistair Brownlee àti Jonny àbúrò rẹ̀ ti wá. Alistair gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní eré Òlíńpíìkì ọdún 2012, ó sì tún gba á ní ọdún 2016. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn máa ń rántí jù nípa wọn ṣẹlẹ̀ ní Cozumel ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Jonny ni ó ń ṣíwájú. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé òpin, oòrùn mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Alistair ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó lè kọjá lára àbúrò rẹ̀ kí ó sì borí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi apá gbé Jonny ró, ó fà á lọ, ó sì tì í kọjá ìlà òpin ṣáájú ara rẹ̀. Henri Schoeman, ọmọ ilẹ̀ South Africa, ni ó gba ipò kìíní. Jonny ṣe ìkejì, Alistair ṣe ìkẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ti pé ẹni ogójì ọdún kí ó tó mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Ìyá wa ni kò jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n ní kékeré. Ìbàdàn ni ìyá wa wà ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya. Omi wọ ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ẹrù ọjà, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Omíyalé ni àwọn ará Ìbàdàn ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà títí di òní. Ìyá wa kò sọ ohun tí ó rí lọ́jọ́ náà fún wa rí. Ohun tí àwa mọ̀ ni pé bí òjò bá ṣú, a kò gbọdọ̀ jáde. Bí a bá sì sọ pé a fẹ́ bá ẹgbẹ́ wa lọ sí odò, pàṣán ni yóò dá wa lóhùn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé òun ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje alápá-mẹ́ta kan ní ìlú kékeré kan nítòsí Leeds, mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Ìyá gbọ́?”

Ó ní, “Má tíì sọ fún wọn o. Mo sì ti forúkọ tìrẹ náà sílẹ̀.”

Àyà mi já. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Fọkàn balẹ̀. O kò ní wọ omi. Wọ́n ń wá àwọn tí yóò yọ̀ǹda ara wọn.”

Nígbà tí a débẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo rí i pé àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn pọ̀ gan-an. Àwọn kan ń fi yíǹkì kọ nọ́ńbà sí apá àti ojúgun àwọn olùdíje. Àwọn kan dúró létí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ láti ka iye ìgbà tí olúkúlùkù lọ tí ó sì bọ̀. Adágún náà gùn ní mítà 25, mítà 400 ni wọ́n sì ní kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́, ó túmọ̀ sí ìgbà 16. Àwọn mìíràn ń ṣọ́ ibi ìpààrọ̀, níbi tí a to àwọn kẹ̀kẹ́ sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti dé akoto, tí ó sì ti de okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Kẹ̀kẹ́ gígùn jẹ́ kìlómítà 20, eré sísá jẹ́ kìlómítà 5. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ gun kẹ̀kẹ́ yí pápá eré ìdárayá oní-mítà 400 ká nígbà 50, kí ẹ tó wá sá eré yí i ká nígbà 12 àti ààbọ̀. Wọn kò san owó fún ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a wá ṣiṣẹ́. Wọ́n fún wa ní tíì gbígbóná àti búrẹ́dì, ó parí.

Ìkòríta kan lójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi èmi sí. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù péńpé aláwọ̀ ìyeyè àti fèrè kan. Bàbá àgbàlagbà tí ó kó wa jọ kìlọ̀ fún wa pé a kò ní àṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró, nítorí pé wọn kò ti ọ̀nà. Iṣẹ́ mi ni láti nawọ́ sí apá òsì, kí n sì pariwo kí àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ lè yà síbẹ̀. N kò gbọdọ̀ kúrò títí ẹni ìkẹyìn yóò fi kọjá. (Apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Nàìjíríà náà kí a tó yí padà sí apá ọ̀tún ní ọdún 1972.) Mo rò pé iṣẹ́ tí ó rọrùn ni.

Àwọn tí kò yára nínú omi ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ó wọlé. Nọ́ńbà 7 ni ẹ̀gbọ́n mi. Nítorí náà, ó yẹ kí ó wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ kọjá lọ́dọ̀ mi. Nọ́ńbà 3 kọjá. Nọ́ńbà 1 kọjá. Lẹ́yìn náà ni 5, 4 àti 9. Mo ń nawọ́, mo ń pariwo. Nọ́ńbà 12 kọjá, 15 kọjá, 20 náà kọjá. N kò rí 7.

Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo rántí ìyá wa. Mo rántí pé ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má tíì sọ fún wọn. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí ni n ó wí? Mo kúrò lójú ibi tí wọ́n fi mí sí, mo rìn lọ síwájú díẹ̀ láti wo ọ̀nà. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ní àkókò náà gan-an ni ọlọ́kẹ̀kẹ́ mẹ́ta dé pẹ̀lú eré. Kò sí ẹni tí ó nawọ́ fún wọn. Wọ́n lọ tààrà. Mo fọn fèrè, mo sáré tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ẹsẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ bá? Àwọn méjì yára mọ̀ pé àwọn ti ṣìnà, wọ́n padà. Ẹnì kẹta lọ jìnnà. Nígbà tí ó padà dé ọ̀dọ̀ mi, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wò mí, ó sì yà sí òsì.

Láti ìgbà náà ni n kò ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú kan. Mo nawọ́ títí apá fi ń ro mí. Nígbà tí ó pẹ́, mo rí akoto pupa kan lókèèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Omi ṣì ń kán lára irun wọn. Mo fẹ́ pè wọ́n, mo fẹ́ bi wọ́n léèrè ohun tí ó dá wọn dúró, ṣùgbọ́n mo nawọ́ sí òsì bí mo ti ń ṣe fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n sì yà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí ni mo tó gbọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lúwẹ̀ẹ́ dé ìgbà kẹsàn-án, ẹ̀rù bà á lójijì. Ó di etí adágún mú, kò sì lè tẹ̀ síwájú. Ọmọbìnrin kékeré kan tí ó ń ka iye ìgbà fún un bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sọ fún un pé kí ó má bẹ̀rù. Ó ní, “Ó ku méje. O lè sinmi níbí, òfin gbà á. Mo ń kà á fún ọ, n kò ní gbàgbé.” Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó ní, “Ó ku méje,” ó sì lọ. Ìgbàkigbà tí ó bá padà dé etí adágún, ọmọ náà á sọ iye tí ó kù fún un.

Mo wá ọkùnrin tí mo mú ṣìnà lọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó bi mí bóyá ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyẹn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́fà ni òun pàdánù. Kò bínú, ṣùgbọ́n kò sọ fún mi pé kò sí nǹkan. Bàbá àgbàlagbà náà gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ó bi mí bóyá n ó tún wá ní ọdún tí ó ń bọ̀, kí òun lè fi mí sí ìkòríta kan náà.

Ní alẹ́, a pe ìyá wa lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ìyá wa dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, “Ta ni ó wà létí omi náà?” Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wọn nípa àwọn adóòlà-ẹ̀mí tí ó dúró níbẹ̀, ó sì sọ nípa ọmọbìnrin tí ó ń ka iye ìgbà. Ìyá wa ní, “Ọmọ ta ni ọmọ náà? Ẹ bá mi kí i.”

Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó TA KÓKÓ

akoto: fìlà líle tí a ń dé láti dáàbò bo orí
àkúnya: kíkún tí odò kún kọjá etí rẹ̀
adóòlà-ẹ̀mí: ẹni tí ń ṣọ́ omi kí ènìyàn má baà kú sínú rẹ̀
yọ̀ǹda ara ẹni: fínnúfíndọ̀ ṣe iṣẹ́ láìgba owó

ÌBÉÈRÈ

1. Dárúkọ apá mẹ́ta tí ìdíje yìí ní. Kí ni ìdí tí ó fi dára kí ìlúwẹ̀ẹ́ ṣáájú?
2. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí John Dunbar lójú ọ̀nà ní ọdún 1978?
3. Kí ni ó fà á tí ìyá kò fi fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí odò?
4. Bí adágún bá gùn ní mítà 50, ìgbà mélòó ni olùdíje yóò lúwẹ̀ẹ́ kí ó tó pé mítà 400?
5. Kí ni ó mú kí olùkọ́ kúrò ní ìkòríta? Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, kí ni ìwọ yóò ṣe?
6. Kí ni ìdí tí olùkọ́ fi lo “wọ́n” fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ibì kan, tí ó sì lo “ó” ní ibòmíràn?

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Bí ilé ìwé yín bá ń ṣe eré ìdárayá, wá ẹnìkan tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí kò sá eré: ẹni tí ó ń pín omi, tàbí ẹni tí ó di okùn òpin mú. Bi í léèrè ohun tí ó rí níbi tí ó dúró sí. Kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé rẹ ní ìlà mẹ́wàá.