Ẹ̀kọ́ Kẹtàlá: Sáà Kan Nílé Alágbàtọ́

Kí ẹ tó ka àyọkà

Ǹjẹ́ ẹ ti gbé nílé ẹni tí kì í ṣe òbí yín rí? Ta ló ń se oúnjẹ fún yín níbẹ̀? Kí ni ẹ ń pe onílé náà? Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì yín.

Àyọkà

Ní Ontario, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ọmọ tó bá mọ họ́kì orí yìnyín gbá dáadáa lè fi ilé òbí rẹ̀ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 16. Kì í ṣe pé ó sá nílé o. Líìgì ló pè é.

Orúkọ líìgì náà ni Ontario Hockey League. Ikọ̀ 20 ló wà nínú rẹ̀: 17 ní Ontario, méjì ní Michigan, ọ̀kan ní Pennsylvania. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 16 sí 20 ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́dọọdún, àwọn ikọ̀ á tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á máa mú àwọn ọmọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kọ́ ló ń yan ikọ̀. Ikọ̀ ló ń yan ọmọ. Báyìí ni ọmọ Toronto ṣe lè bá ara rẹ̀ ní Sault Ste. Marie, tó jìnnà sílé tó nǹkan bí 700 kìlómítà.

Ikọ̀ á wá ìdílé kan tí yóò gbà á sílé. Àwọn ará Kánádà ń pe irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ní billet. Àwa ti ní ọ̀rọ̀ tiwa láti ọjọ́ pípẹ́: alágbàtọ́. Alágbàtọ́ ló ń gbé oúnjẹ alẹ́ pamọ́ dè é nígbà tí bọ́ọ̀sì bá pẹ́ dé. Òun ló ń béèrè bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òun náà ló ń gbọ́ ọ tó bá ń ráhùn pé àárò ilé ń sọ òun. Wayne Gretzky pàápàá gba ọ̀nà yìí kọjá. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó lọ sí Sault Ste. Marie ní 1977. Ó gbá góòlù 70 wọlé ní sáà náà, ṣùgbọ́n tí eré bá parí, ilé alágbàtọ́ ló ń padà sí.

Sáà ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, eré 68 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sì máa ń gbá kí oṣù kẹta tó parí. Wọ́n ń lọ sílé-ẹ̀kọ́, wọ́n ń ṣe ìdánrawò. Tí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, ó di inú bọ́ọ̀sì. Ikọ̀ tó bá borí gba àmì méjì. Èyí tó bá pàdánù nínú àfikún àkókò gba ọ̀kan.

Oṣù kìíní le púpọ̀. Kí gbèdéke tó pé, àwọn ikọ̀ lè pààrọ̀ eléré láàárín ara wọn. Wọ́n lè pe ọmọ ọdún 18 sí ọ́fíìsì láàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ mìíràn.

Lẹ́yìn eré 68, ikọ̀ 16 ló ń kù. Méjì-méjì ni wọ́n ń pàdé, èyí tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló ń tẹ̀síwájú, títí ọ̀kan yóò fi gba ife J. Ross Robertson. Aṣẹ́gun náà á wá lọ du ife Memorial pẹ̀lú aṣẹ́gun líìgì méjì yòókù ní Kánádà àti ikọ̀ tó gbàlejò. Ọdún 1919 ni wọ́n dá ife yìí sílẹ̀, ní ìrántí àwọn ọmọ ogun Kánádà tó kú nínú ogun àgbáyé kìíní.

Díẹ̀ nínú wọn ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó ń fi họ́kì jẹun. Nítorí náà, ètò wà láti san owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga ọdún kan fún sáà kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá gbá. Ìyá tó mọ ohun tó ń ṣe á kọ́kọ́ béèrè èyí kó tó di ẹrù ọmọ rẹ̀.

Àmọ́ sáà kì í pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ: mẹ́rin, ó pẹ́ tán, márùn-ún. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà dá eré dúró. Ní sáà 2020 sí 2021, àwọn líìgì méjì yòókù rí eré díẹ̀ gbá, ṣùgbọ́n ti Ontario kò gbá ẹyọ kan. Ẹni tó pé ọdún 20 nígbà náà kò ní òmíràn níwájú. Àwọn tí ikọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn sì pàdánù ọdún tó yẹ kí wọ́n fi mọ ilé alágbàtọ́. Àwọn àgbà ní ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń tọ́ ọ. Lọ́dún yẹn, igba ènìyàn náà ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ọmọ kò rí ọ̀nà wọlé.

Ọ̀rọ̀ tuntun

*sáà*: àkókò tí ìdíje fi ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin
*gbèdéke*: ọjọ́ tí a dá, tí a kò gbọdọ̀ kọjá
*ìdánrawò*: ìgbáradì kí ọjọ́ eré tó pé
*ráhùn*: kí ènìyàn máa sọ ohun tó ń dùn ún

Àkíyèsí

1. *Gbà* àti *tọ́* di *àgbàtọ́*. Tí a bá fi *oní* síwájú rẹ̀, ó di *alágbàtọ́*. Ẹ wo *aláṣọ* àti *ẹlẹ́ja*: *n* di *l*. Ṣùgbọ́n *onílé* kò yí padà, nítorí *i* ló bẹ̀rẹ̀ *ilé*.
2. *Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń kó ẹrù rẹ̀.* Ohun tó wà láàárín gbólóhùn *kí … tó* ló ń ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ta ló ń yan ẹnìkejì rẹ̀, ọmọ ni tàbí ikọ̀?
2. Kí ló dé tí oṣù kìíní fi le fún àwọn ọmọ yìí?
3. Ẹ fi *kí … tó* kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ọjọ́ eré kan.
4. Sáà ti parí, ẹ ń padà sílé. Ẹ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí alágbàtọ́ yín. Ẹ má ṣe pè é lórúkọ, ẹ má sì lo *o*. *Ẹ* ni kí ẹ lò.