Ní ti Ọ̀dọ́ tí Ó Rò pé Apá Òun Kò Ká Nǹkankan

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ ọdún 14 tàbí 15 bá dẹ́kun eré, tí oúnjẹ kò wù ú mọ́, tí oorun sì dá lójú rẹ̀, ẹ má ṣe yára pè é ní ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ ìsoríkọ́, èyí tí í ṣe àìsàn gẹ́gẹ́ bí ibà ti jẹ́ àìsàn. Ẹ fetí sí i bí ó bá ń wí nígbà gbogbo pé, “Ohun yòówù tí mo bá ṣe, bákan náà ni yóò rí.”

Ní ọdún 1967, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Martin Seligman àti Steven Maier, kọ̀wé nípa ohun tí wọ́n rí lára ajá. Wọ́n jẹ́ kí iná mànàmáná gbé wọn. Àwọn kan lè fi orí tẹ pátákó kí iná náà lè dúró. Àwọn mìíràn jẹ ìyà kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n ṣe tí ó dá a dúró. Ní ọjọ́ kejì, a kó wọn sínú àpótí tí wọ́n lè bọ́ níbẹ̀ bí wọ́n bá fo ògiri kúkúrú kan. Àwọn ti ìṣáájú fò. Púpọ̀ nínú àwọn kejì dùbúlẹ̀, wọn kò sì gbìyànjú. (Ìwà ìkà ni lójú mi, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀.) Ní ọdún 2016 àwọn méjèèjì tún èrò wọn ṣe: ara fúnra rẹ̀ ni í rọ nígbà tí ìyà bá pẹ́, ohun tí a ń kọ́ ni pé apá ẹni ká ọ̀ràn.

Ènìyàn kì í ṣe ajá, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbà pé ayé wọn kò sí lọ́wọ́ wọn ni a sábà ń bá ìsoríkọ́ lára wọn. Nítorí náà, ẹ fún ọmọ ní ohun tí òun ni yóò pinnu lórí rẹ̀. Ebè ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kan sàn ju oko àgbàdo lọ, nítorí ẹ̀fọ́ tó já láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Kí òun yan ibẹ̀, kí òun tà á, kí owó rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Bàbá tí ó bá gba owó náà ti ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Ẹ má sì dá a lẹ́bi nítorí ọ̀dá: òjò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, oko ríro ni ó wà níbẹ̀.

Bí ìbànújẹ́ náà bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ìtọ́jú wà fún un. Bí ó bá sì dárúkọ ikú, ìbáà ṣe bí ẹni ń ṣeré, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ bi í léèrè pẹ̀lú ìwà tútù, kí ẹ sì kó oògùn apakòkòrò àti apakoríko inú ilé kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.